Pàǹtí Tí Àáró Fi Sílẹ̀

Àáró kì í gbálẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní abà wa lápá Ẹ̀rúnmu mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa ọkùnrin mẹ́fà la jọ ń ṣe àáró nígbà náà: a ṣe ti ẹnì kan tán, a kọjú sí ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bo orùlé tán, tí wọ́n jẹun, tí wọ́n mu ẹmu, kálukú á gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Pàǹtí di ti onílé nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò wó ògiri yàrá mi. A ṣí koríko bẹẹrẹ orí rẹ̀ jù sílẹ̀, a da amọ̀ ògiri tó wó sínú kòtò ẹrẹ̀, a bomi sí i, a sì fẹsẹ̀ pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Amọ̀ kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi jù nínú àwọn mẹ́fà ló ṣí orùlé, òun náà ló tún wọ kòtò lọ po ẹrẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní nǹkan gún òun lẹ́sẹ̀, bóyá ọparun ni. Ó lọ ṣan ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì ń tiro bọ̀.

Ọjọ́ tí ilé parí ni mo rántí ọ̀bẹ bàbá mi. Inú bẹẹrẹ yẹn ni mo há a sí, lókè ibùsùn mi. Nígbà tí ogun lé bàbá mi kúrò nílùú rẹ̀, ọ̀bẹ yẹn nìkan ló mú dání, òun nìkan náà ló sì fi sílẹ̀ fún mi. Mo gbàgbé láti yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí orùlé. Ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Mo dojú kọ pàǹtí. Bẹẹrẹ tí èéfín ti sọ di dúdú, igi àjà tí ikán ti jẹ, okùn jíjá, gbogbo rẹ̀ ga tó mi láyà. Mo ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń sín, adìyẹ ń tú èyí tí mo kó jọ ká. Ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sun nǹkan yìí. Àkéekèé ti ta ọmọ. Àbí ẹ fẹ́ máa sùn nínú ẹ̀ ni?”

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi tiro dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi kó pàǹtí. Ta ló ń gbálẹ̀ ilé onílé lẹ́yìn àáró? Ìfura loògùn àgbà, mo sì gbà pé mo ti dàgbà tó. Mo wo ìrìn rẹ̀: ẹni tó há ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí ni í rìn bẹ́ẹ̀.

“Kí lo ń wá?”

“Kí ni n bá máa wá? Mo rí i pé ìwọ nìkan lo ń ṣe é ni.”

“Ọ̀bẹ bàbá mi ńkọ́? Ìwọ lo ṣáà wà lórí orùlé.”

Ó rọra da bẹẹrẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí àáró kàn án, mo ní inú ń run mí. Àwọn méjì nínú àwa mẹ́fà tí mo rojọ́ ọ̀bẹ fún náà ò lọ. Òjò bá ògiri rẹ̀ láìní koríko lórí, ó sì wó o palẹ̀. Ó kó ìyàwó àtọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Olódò. Mo ní olè ti sá lọ.

Òjò ọdún kẹta ló la ògiri mi. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi lanu, irin ló yọ jáde. Mo fi ìka gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ bàbá mi ni. Àti orí orùlé ló ti já bọ́ sórí amọ̀ tó wó, a sì kó o mọ́ ọn lọ sínú kòtò ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ rántí. Ojú tì mí.

Mo mú ọ̀bẹ náà lọ sí Olódò. Ọ̀rẹ́ mi ń hun apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba ọ̀bẹ, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ojú ọ̀bẹ lé àpá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe wẹ́kú.

“Òun náà rèé,” ló wí, ó sì dá a padà fún mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀ nílé, èmi nìkan ni n ó kọ́ ilé rẹ̀, láìgba àáró.

“Dìde,” ló wí. “Mo ti gbọ́.” Ó bá ń hun apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo padà sí abà, mo lọ síbi tí ilé rẹ̀ ti wó. Igi, okùn, àpáàdì, mo kó gbogbo rẹ̀ dànù, mo sì gbá ibẹ̀ mọ́. Títí dòní, ọdọọdún ni mò ń ṣán koríko ibẹ̀. Kò wá.