Ihò Tó Kù Nínú Ìwé Arvid

Ìka méjì ni. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Wọ́n rọra wọ inú àwo ọrẹ, wọ́n kọjá lára owó bébà láì kàn án, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ àkọ̀ nínú odò. Nígbà tí wọ́n jáde, owó fàdákà kan wà láàárín wọn. Etí owó náà nìkan ni wọ́n dì mú. Ojú rẹ̀ kò kan ẹran ara rárá. Wọ́n yí i sápá ọ̀tún, sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n yí i sápá òsì. Wọ́n dúró.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi. Lójú gbogbo ìjọ.

Lavonne Sundberg, lórí àga kẹta láti iwájú, dorí kodò. Ọkọ rẹ̀ ló ni ìka méjèèjì.

“Arvid,” Pásítọ̀ Ekdahl pè é láti orí pẹpẹ, “kí lo mú níbẹ̀ yẹn?”

“Mo ti fi ogún dọ́là rọ́pò rẹ̀, Pásítọ̀.”

“Ṣé ogún dọ́là ni iye rẹ̀?”

Arvid tún wo owó náà. Èèyàn lè yí ọ̀rọ̀ po fún oníṣòwò, kò lè yí i po níwájú pẹpẹ. “Ó lé díẹ̀.”

“Èló ni díẹ̀?”

“Ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, Pásítọ̀. Ẹ wá fojú ara yín wò ó.”

Ìyá tó ń tẹ dùùrù tún orin kan náà bẹ̀rẹ̀ nígbà kẹta. Pásítọ̀ kò wá wò ó. Ó kàn káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo òrùlé.

“Márùndínlógójì.”

Òrùlé náà ni Pásítọ̀ ṣì ń wò.

“Ó dáa, ogójì,” ni Arvid wí, “ṣùgbọ́n ọrẹ tèmi ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀ o!”

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Arvid ní ìlú Fergus Falls, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ó gba ilé Hulda Brandvold lọ, ìyá arúgbó tó ju owó náà sínú àwo. Inú àpótí ọkọ rẹ̀ olóògbé ló ti mú un. Méje mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Arvid tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó yẹ gbogbo wọn wò, ó kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sórí bébà fún un, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ tà wọ́n ní iye tó dín sí ìyẹn.

“Ìwọ ńkọ́?” ni ìyá wí. “O ò rà?”

“Irú kan náà ni gbogbo wọn, Hulda. Mo ti ní irú yẹn láti àárọ̀.”

Irú kan, ẹyọ kan. Òfin rẹ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, tó ń pàdé ní yàrá abẹ́ ilé ìkówèésí, a máa lé owó kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún: ti ọdún yìí, ti ọdún tó tẹ̀ lé e, títí wọn ó fi darúgbó. Arvid kò ní sùúrù fún ìyẹn. Ojú kọ̀ọ̀kan tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti fi hàn lára owó láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fẹ́, ẹyọ kan péré fún ojú kan. Ó ní ìwé ńlá kan tó kún fún ihò, ihò kan fún irú kan.

“Ìbejì lẹ̀yin ń kó jọ,” ni ó máa ń sọ fún wọn. “Èmi, ẹbí ni mò ń kó.”

Obìnrin kan ló pọ̀ jù nínú ẹbí náà. Òmìnira ni wọ́n ń pè é. Ó jókòó lára fàdákà kan, ó dìde dúró lára òmíràn, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ lára ìkẹta. Lavonne wo ìwé náà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé aṣọ tó ń hun sílẹ̀.

“Arvid, o ti ra obìnrin yìí ní ìjókòó, o rà á ní ìdúró, o tún rà á ní ìrìn. Níbo ló ń lọ gan-an?”

“Ó ń wá ọ̀nà ilé wa bọ̀.”

“Tó bá dé, kó bá mi fọ abọ́.”

Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ni Arvid ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀. Nítorí náà, kò sí owó kan nínú ìwé náà tí kò nájà gidi kó tó rà. Ó ní ohun tí òun kò bá ná, kì í ṣe ti òun. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn owó fàdákà kan nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó dúpẹ́, ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, ó tì í sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ló lọ ra irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ oníṣòwò, lẹ́yìn ìjà wákàtí méjì. Ti ìbọ̀sẹ̀ sì dára ju èyí tó rà lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà láyè láti ba owó rẹ̀ jẹ́. Ottilie, ìyá Lavonne. Ó wá bá wọn jẹ àsè Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti Amẹ́ríkà lọ́dún kan, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, ó rí owó bàbà ńlá kan tó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àánú ṣe ìyá. Ó mú ọṣẹ ìfọyín, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ̀ ọ́.

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fọ owó àtijọ́ ti pa á ni. Àwọ̀ tí ọdún fi kùn ún, òun ni iyì rẹ̀. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Arvid wọlé, ó bá owó rẹ̀ lórí àwo funfun, ó ń dán yanranyanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòlótòló. Lavonne di etí tábìlì mú. Àwọn àlejò kò jẹun mọ́.

“Ṣé ó mọ́?” ni Ottilie béèrè.

Arvid wo owó. Ó wo ìyá. “Ó mọ́, Màmá. Ẹ ṣeun púpọ̀.” Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀dùnkún bọ̀.

Palmer Hegdahl, tó ń ta owó àtijọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́yìn ilé agẹrun, bá a wá òmíràn ní iye tó rọrùn. Arvid kọ̀.

“Mo ti ní irú yẹn.”

“Èyí tó ń tàn bí ṣíbí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn?”

“Má bú u. Nínú gbogbo owó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun nìkan ló ń fọ eyín.”

Palmer yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun náà ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí ni pé nígbà tí gbogbo ihò inú ìwé ti dí, ihò kan kù, ohun tó sì yẹ kó wọ inú rẹ̀ wà nínú àpótí irin Palmer: sẹ́ǹtì bàbà ti ọdún 1793, èyí tí ẹ̀wọ̀n yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Irun obìnrin náà nìkan ló kù, tó ń fò bí ẹni tí atẹ́gùn lé jáde nílé. Bó ti gbó tó yẹn, owó ńlá ṣì ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ná an. Lọ́dọọdún, nígbà tí yìnyín bá ti fọ́ lójú adágún, Arvid á wọ ṣọ́ọ̀bù, á mu kọfí Palmer, á sọ pé kọfí náà kò dára, á dárúkọ iye tirẹ̀. Palmer á rẹ́rìn-ín. Arvid á dìde, á jáde, á wọ ọkọ̀ rẹ̀, á tan iná sí i, á wá dúró kí wọ́n pe òun padà. Ogún ìṣẹ́jú. Palmer á yí pátákó ẹnu ọ̀nà sí “A ti tì”, á lọ jẹun.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ọkàn Arvid bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà mú Lavonne sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ilé ìwòsàn, ó ní ọjọ́ ni kí ó máa kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Lavonne padà sídìí ibùsùn. Arvid ti ṣí ìwé rẹ̀ sórí àyà. Ojú ihò yẹn ló wà.

“Gbogbo ẹbí ti wọlé,” ó sọ, ohùn rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. “Ẹnì kan ló wà lóde nínú òtútù.”

Lavonne jáde, ó fi fóònù pe Palmer.

Palmer dé ní ọ̀sán, yìnyín lórí fìlà rẹ̀, owó náà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ ibùsùn. “Gbà. Tìrẹ ni.”

“Ó tì o, mi ò lè gbà á,” ni Arvid wí.

Èyí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní Minnesota, ìwọ̀sí ni kí èèyàn gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ife kọfí. O kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní. O kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, o ní, “Ó dáa, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu.”

“Gbà á, Arvid, jọ̀ọ́.”

“Rárá, rárá. Má dààmú ara rẹ.”

Palmer mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. “Mo ní kí o gbà á.”

“Rárá,” ni Arvid wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àní ìwé tó wà láyà Arvid dà bí ẹni pé ìtìjú mú un.

Lavonne fa Palmer lápá jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. “Kò ní gbẹ̀bùn. O mọ̀ ọ́n. Wọlé kí o bá a jà.”

“Lavonne, ọ̀pá wà nímú ọkùnrin yẹn!”

“Kì í ṣe imú ló fi ń nájà.”

Palmer nu ojú. Ó ti fìlà mọ́ orí, ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. “Olè! O rò pé òótọ́ ni? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orí rẹ ṣì pé ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là.”

Arvid la ojú méjèèjì. “Ẹgbẹ̀rin.”

“Ẹgbẹ̀rin! Fún ẹ̀wọ̀n nìkan àbí fún irun?”

“Irun dà? Ó ti pá ju ìwọ lọ.”

Ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́rẹ̀kẹ́ Arvid. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíákíá, nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé. “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?”

“Wọ́n ń nájà,” ni Lavonne wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí.”

Àánú fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Palmer wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti rù, ahọ́n rẹ̀ yọ̀. “Ẹgbẹ̀rún kan, kí á parí ẹ̀.”

Arvid fajú ro. “Kí ló dé? Láti mẹ́fà sí ẹyọ kan? Kí ló ṣe owó yìí? Ayédèrú ni?”

“Ayédèrú? Ta ní—ẹgbẹ̀rún márùn-ún! O ti bí mi nínú, ẹgbẹ̀rún márùn-ún!”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni Arvid wí, ó sinmi lé ìrọ̀rí. “Báyìí ni kí o máa sọ̀rọ̀.”

Wọ́n jà á títí Palmer fi sọ̀kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún méjì, níbẹ̀ ló há. Arvid wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. “Ó ti tó àsìkò kí n bínú jáde. Mi ò lè dìde. Palmer, bá mi jáde.”

“Kí n ṣe kí ni?”

“Bínú jáde. Bí mo ṣe máa ń ṣe é. Gbá ilẹ̀kùn díẹ̀.”

Palmer bínú jáde fún Arvid. Ó gbá ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Arvid na etí. Kò sẹ́ni tó pe ẹni tó jáde. Ẹni tó yẹ kó pè é ló wà lóde. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Lavonne. Ìwọ ni Palmer. Pè mí padà.”

Ọdún mọ́kàndínlógún. Lavonne lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo. “Arvid Sundberg! Alágídí! Padà wá! Mú un ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún, kí o sì má fojú kan ṣọ́ọ̀bù mi mọ́!”

“Mo gbà,” ni Arvid wí láti orí ibùsùn.

Lavonne kọ sọ̀wédowó. Arvid fọwọ́ sí i. Ó fúnra rẹ̀ gbé owó bàbà náà sí ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọlé. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Palmer.

“O ṣeun,” ó wí. “O nájà dáadáa lónìí. Díẹ̀ ló kù kí n gbà ọ́ gbọ́.”

Ó kú ní ọjọ́ kẹta, lówùúrọ̀, ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Palmer kò fẹ́ mú sọ̀wédowó náà lọ sí báńkì. Lavonne wakọ̀ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí kò bá gba owó, ẹ̀bùn ló di yẹn, òun á sì ní láti yọ owó bàbà kúrò nínú ihò. Palmer wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ. Lójú ọ̀nà báńkì, ọ̀kan nínú wọn rántí àwo ọrẹ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín débi tí Lavonne fi dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó sọ fún Palmer pé òun kò tíì mọ ẹni tí òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Palmer ní òun náà kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Palmer ti lẹ iye mọ́ gbogbo owó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni nájà mọ́.