Tíì Láàárín Ẹ̀jọ àti Ẹ̀sán

Ọjọ́ Sátidé kan ni òkú lu Luvo Tyali dákú ní ráúǹdù kẹsàn-án. Luvo fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé ló wà, ó ń da àgbàdo fún adìẹ, ẹnu ẹni tó wá ra ẹyin ló sì ti gbọ́ pé wọ́n ti na òun. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú gidi, nítorí bẹ́líìtì àgbáyé rẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀, àti pé ní gbogbo ọdún tó fi kan ẹ̀ṣẹ́, wọn ò lù ú dákú rí. Ó fi adìẹ sílẹ̀, ó gba abẹ́ igi bàbá àgbà kan, Tata Fikeni, lọ.

Tata Fikeni ló dá ilé ẹjọ́ abẹ́ igi yẹn sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ní Mdantsane. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ta ló lè na ta nínú àwọn akànṣẹ́ ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àgbà kan á jà fún ọ̀kan, àgbà kejì á jà fún ìkejì, ẹnu ni wọ́n sì fi ń ju ẹ̀ṣẹ́. Tata Fikeni ni rẹfirí, òun ni adájọ́, òun náà ló ń lu agogo, ìyẹn irin ìtúlẹ̀ kan tó so rọ̀ sára ẹ̀ka. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi pàdánù máàkì kan, ì báà jẹ́ pé ó ń kí àlejò ni. Eliot Sodladla, akànṣẹ́ ìgbà èwe Tata Fikeni, nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí nà níbẹ̀ rí.

"Tata," ni Luvo wí, "mo gbọ́ pé ẹ ní Sodladla lù mí dákú."

"Jókòó, ọmọ mi. Ara á ṣì máa ro ọ́."

"Sodladla ti kú láti ọdún mọ́kànlélógún!"

"Ìyẹn gan-an ló yẹ kó tì ọ́ lójú."

Luvo yíjú sí Tata Menzi, ẹni tó jà fún un. "Ṣé mi ò tiẹ̀ gbé e ṣubú ni?"

"O gbé e ṣubú. Ráúǹdù kẹrin, ọwọ́ òsì. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà dé ẹ̀jọ, ìyàwó rẹ̀ gbé tíì dé. Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó béèrè bóyá ewúrẹ́ ti bí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ẹ̀sán. Sodladla ti dìde, ó ti nu ojú."

"Tíì ì bá tutù," ni Tata Fikeni wí.

"Ìgbà tó gbé èmi ṣubú ńkọ́?"

"Mo sín lẹ́ẹ̀kan péré," ni Tata Menzi wí. "Kí n tó nu imú, ó ti kà á dé ẹ̀wá, ìjà ti tán."

Láti ọjọ́ yẹn, Luvo ò gbádùn ìgboro mọ́. Bí takisí bá ti fẹ́ kọjá níwájú itẹ́ òkú, awakọ̀ á ní, "Ẹ ti fèrèsé o, kí wọ́n má baà tún na Bhuti Luvo." Orúkọ rere kò rọrùn láti rí, Luvo ò sì fẹ́ kí tòun bàjẹ́ lórí ife tíì kan. Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti tún ìjà náà jà, fún odidi ọdún mọ́kànlá. Nígbà kan, rẹfirí dá ìjà dúró torí òjò, ó ní Sodladla kò fẹ́ràn ilẹ̀ tó ń yọ̀. Nígbà mìíràn, Luvo gbọ́wọ́ sókè láti lé eṣinṣin, wọ́n yọ máàkì méjì lára rẹ̀.

MaRhadebe, ìyàwó Tata Fikeni, náà fara gbá a. Bí ìjà bá bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, tó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, baba á lọ jókòó sí igun yàrá, á ní kí wọ́n fún òun lómi. MaRhadebe á ní, "Tìẹ ló tán. Tèmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, Luvo yọ bẹ́líìtì lára ògiri, ó gbé e síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Tata Fikeni fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún.

"Èmi ni mo máa ń di aṣọ mọ́ Sodladla lọ́wọ́," ló wí, "kí ìjọba tó kó gbogbo wa wá síbí. Òyìnbó tó ni bẹ́líìtì nígbà náà ò gbé jìnnà sí wa. Òfin ní dúdú ò gbọdọ̀ bá funfun jà. Sodladla ń retí, ó ń retí, títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìwọ ní ògiri tí o gbé tìẹ kọ́, Luvo. Abẹ́ igi yìí nìkan ni tiẹ̀."

Àánú ṣe Luvo.

"Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn ló fi nà ọ́," ni baba wí. "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé kejì, Luvo ti padà wá jiyàn pé ọwọ́ ọ̀tún òun kì í sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà òtútù ni ikọ́ mú Tata Fikeni lọ. Kí wọ́n tó gbé e lọ sin, wọ́n gbé pósí rẹ̀ sábẹ́ igi, nítorí bí ẹni tó fi ayé rẹ̀ sin ìjà ẹ̀ṣẹ́ bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ lu agogo fún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. MaRhadebe gbé òòlù lé Luvo lọ́wọ́. Ọkàn àwọn àgbà kò balẹ̀.

"Luvo, jọ̀wọ́," ni Tata Menzi rọra wí, "má kà á fún un bó ṣe kà á fún ọ."

Luvo lu ení. Ó dúró dáadáa kó tó lu èjì. Ó lù ú dé ẹ̀jọ, ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Mama," ló wí, "ṣé tíì wà?"

MaRhadebe wò ó títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí baba ti kú, ó sì wọlé lọ gbé e wá. Luvo mu tíì náà tán pátápátá lójú gbogbo èrò. Ó jẹ búrẹ́dì. Ó béèrè bóyá ewúrẹ́ ti bí. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó lu ẹ̀sán, ó dá òòlù padà fún opó.

"Ó ku ọ̀kan," ni pásítọ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, sà," ni Luvo wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó lè dìde."

Irin náà ṣì wà lórí igi. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì lu ìkẹwàá.