Ẹ̀rọ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nikola Mímọ́

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Nedyalka fi ṣe nọ́ọ̀sì ní abúlé kan lórí òkè Rodopi. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ pín ẹ̀rọ kékeré kan fún àwọn arúgbó tó ń dá gbé, òun ni wọ́n ní kó wò ó bóyá ó wúlò. Ọrùn ni wọ́n ń so ó mọ́. Ẹni tó bá ṣubú yóò tẹ̀ ẹ́, ilé ìwòsàn ìlú yóò sì gbọ́. Bí Nedyalka bá buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò pé ẹ̀rọ náà wúlò, àbẹ̀wò tó ń ṣe sọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dópin nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà. Ṣé ó ń dún? Ṣé ìpè ń dé ìlú? Ṣé bátìrì rẹ̀ ń pẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn gbogbo wọn, síbẹ̀ gègé kò lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gina gbójú sókè, kò rí èéfín lórí ilé Ìyá Stoimenka, aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn láti ayébáyé: kí obìnrin tó bọ́jú, yóò kọ́kọ́ wo èéfín ilé kejì. Gina sáré lọ, ó bá ìyá náà nílẹ̀ ilé ewúrẹ́, itan rẹ̀ ti yẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ránṣẹ́ pe Nedyalka.

“Ìyá, ẹ̀rọ yín dà?” ni Nedyalka bi í, bó ti ń fi pákó di ẹsẹ̀ náà.

“Ó wà nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Nikola Mímọ́.”

“Ṣé Nikola ló fẹ́ ṣubú ni?”

Gina bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà fajú ro. “Ẹnu rẹ ò dáa, ọmọ yìí. Ohun iyebíye báyẹn, kí n gbé e wọnú ìgbẹ́ ewúrẹ́?”

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìwòsàn gbé ìyá lọ, Nedyalka yí ilé méjìlá ká. Nínú mẹ́sàn-án, ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹni mímọ́, ni ẹ̀rọ náà wà, wọ́n nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi ewé gbígbẹ olóòórùn dídùn há a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Karaivanov, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, pè é. “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?”

“Ó ṣiṣẹ́, ọ̀gá. Ara ògiri ló ti ń ṣiṣẹ́. Èéfín ni wọ́n fi mọ̀ pé Ìyá Stoimenka ṣubú.”

“Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí àyè fún èéfín nínú ìwé.”

A kì í fárí lẹ́yìn olórí; àwọn tó kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò gun òkè náà rí. Nedyalka kọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹta, torí kì í purọ́. Ó wá yí ìwé náà padà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn pé: “Ẹ ṣe èyí tí kò lẹ́wà, tí a lè gán mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Ẹ fún aládùúgbò tó ń wo èéfín ní tirẹ̀. Títí dìgbà náà, n kò ní buwọ́ lù ú.”

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, ó gbé àpò rẹ̀, ó gbòkè lọ. Èéfín ń rú lórí ilé Ìyá Stoimenka, bẹ́ẹ̀ ìyá ṣì wà ní ilé ìwòsàn.

“Èmi ni mo dáná síbẹ̀,” ni Gina wí, korobá wàrà ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí àyà àwọn aládùúgbò tó kù má baà já.”