Korobá Ìyá Àgbà

Dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ṣí kàyé tí ọmọbìnrin kan fi ń kọ àròkọ sórí tábìlì, mo sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi nínú rẹ̀.

Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnu ni, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyípadà wọn lórí rédíò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo wa ti di kamarádì, bí wọ́n ṣe ní ká máa pe ara wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ni. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àròkọ wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn: n óò gba bíírò, n óò fa ìlà pa gbólóhùn ọmọ, n óò kọ èyí tó dùn létí mi sórí rẹ̀.

Ọmọ tó ni kàyé náà, tí ilé wọn wà ní àdúgbò Akron, ti kọ ọ́ ní Faransé pé wọ́n ra korobá tuntun sí kànga àwọn, ìyá àgbà òun sì ń fi í pọnmi. Lójú tèmi, kò dùn tó. Mo sọ ọ́ di: "Korobá ti yí padà, omi àná ló ṣì wà nínú rẹ̀." Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

"Kamarádì," dirẹ́tọ̀ rọra wí, "ìjọba wo lò ń pè ní omi àná?"

Ó ní ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn sí ilé ẹ̀kọ́ wa ti kà á. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọmọ náà yóò tún àròkọ náà kọ níwájú wọn, láìsí olùkọ́ nítòsí. Bí wọn kò bá rí nǹkan búburú nínú rẹ̀, ó parí. Bí wọ́n bá rí i, èmi àti kàyé náà yóò jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ológun ní Kútọnu. Mo mọ ẹnì kan tó lọ bẹ́ẹ̀ tí kò tíì padà dé.

Olùkọ́ obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rí mi lábẹ́ igi máńgòrò.

"Àbúrò, ọwọ́ ló ń yún ọ. Lọ jókòó lé e."

Mo rò pé àwàdà ni.

"Jẹ́ kí ọmọ kà á sókè," ó ní. "Béèrè ohun tí kò yé ọ. Lẹ́yìn náà, panu mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún mi lóòótọ́. Ọmọ náà wò mí títí.

"Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?"

"Máa kà."

Ó ka àròkọ náà tán bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́. Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ ìyá àgbà nìkan ló ń pọnmi.

"Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan korobá náà. Wọ́n ní àwa ọmọdé la ju ti àkọ́kọ́ sí kànga."

"Ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́?"

"Èmi ni." Ó bojú wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

Ọwọ́ mi fẹ́ yọ jáde. "Kí ni ìwọ rò?"

Ó mú bíírò rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Dirẹ́tọ̀ jáde, ó na kàyé náà sí mi.

"Ìgbìmọ̀ ní kí ìyá àgbà foríjì í."

"Èmi ńkọ́, kamarádì?"

"Tìrẹ ti parí. Padà sí kíláàsì."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo kà á. Gbólóhùn méjì kò dùn létí mi rárá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.