Àbúrò Tí N Kò Rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyàwó ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òrè. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, la bá ń gbọ́ ìró ọkàn ọmọ inú rẹ̀, ó ń dún kì-kì-kì bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Inú wọn dùn. Èmi jáde síta lọ dá jókòó, torí ọkàn mi ti padà sí Omífúnfun, abúlé wa, láyé ìjọba ológun, nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá.

Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Lọ́dún tí ọṣẹ àti mílíìkì di àwátì, ó lóyún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn ń rí i tó ń tutọ́ ṣáá. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa, obìnrin kan tí wọ́n gbé wá láti Abẹ́òkúta, fi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ yàwòrán ilé ọmọ sójú pátákó, torí ṣọ́ọ̀kì ti tán nílé ìwé. Ó ní bí àtọ̀ ọkùnrin bá pàdé ẹyin obìnrin, wọn a di ẹyọ kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Kí oṣù kejì tó pé, ọkàn rẹ̀ á ti máa lù. Bí oṣù kẹta bá fi máa pé, ó ti ní ìka. Àwọn ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka oṣù ìyá mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ikùn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ní, "Ta lò ń bá wí?"

"Àbúrò mi ni, mà. Tíṣà ní ó ti ní ìka."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú oṣù kẹrin, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ lóko kòkó. Bàbá mi fi alùpùpù gbé e lọ sí Òrè. Oògùn ti wọ́n nígbà náà. Kí bàbá mi tó rí èyí tí wọ́n kọ fún un, oyún ti wálẹ̀.

Ìyá bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé. "O ò gbọdọ̀ bi ìyá rẹ ní nǹkan kan. Oyún lásán ni."

N kò rí ẹni tí mo lè bá sunkún rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń fi fóònù gbé àwòrán ọmọ inú kiri, ó dára. Ṣùgbọ́n bí oyún bá wálẹ̀, "gbé e kúrò lọ́kàn" náà la ṣì ń sọ fún obìnrin. Ìyá mi ò gbé e kúrò lọ́kàn. Ó ti darúgbó kó tó sọ fún mi, níbi tí a ti jọ ń bó ẹ̀gúsí, pé òun ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo bi í pé kí lorúkọ náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ti sùn báyìí. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ yẹn.