Agogo Ìkẹyìn ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí àrùn Kòrónà tó dé, tó kọ́ gbogbo ayé bí ìjọ ṣe ń sin Ọlọ́run láìfojú kan ara wọn, àwọn kan ti mọ̀ ọ́n ṣe ní Warri. Kì í ṣe àìsàn ló tì wọ́n mọ́lé, ìbọn ni. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn ará ìlú kọjú ìjà síra wọn, ìjọba da sójà sí ìgboro, wọ́n sì ṣe òfin kónílé-ó-gbélé. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, kí kálukú wọlé, kó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, àyà ni yóò gbé e kọ́ sí kí aráyé lè rí i.

Bàbá Olúsànmí kò ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ro ara rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó sì ti pẹ́ ní Warri débi pé bó bá délé, ará Warri ni wọ́n ń pè é, bó bá padà sí Warri, wọ́n á ní Papa Yoruba ti dé. Ní Enerhen ló ti ń ta òwú sítóòfù, gíláàsì àtùpà, àti àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò ní dárúkọ òwú fún yín. Yóò gbé orí sókè, yóò ní, "Alágogo ni mí."

Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà Ugbuwangue, ilé rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Kí n má purọ́ fún yín, agogo ọ̀hún kì í ṣe agogo. Àgékù páìpù epo rọ̀bì ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé sínú koríko, tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọ́ wálé, tí wọ́n sì so rọ̀ sára igi máńgòrò. Síbẹ̀, bí Bàbá Olúsànmí bá fi òòlù kàn án, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi á yíjú wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà lù ú. Agogo kìíní: ẹ dìde, ẹ lọ wẹ̀. Agogo kejì: ẹ jáde nílé. Agogo ìkẹyìn ní ìlù tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí agogo ìkẹyìn bá bá lójú ọ̀nà, ìta ni yóò dúró sí títí àwọn tó wà nínú ilé yóò fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tán, kí òun náà máa jẹ́wọ́ tirẹ̀ nínú oòrùn. Kò sí ẹni tí ojú kò tì lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí nínú ìjọ náà, àfi Màmá Mojọlá, tí agogo ìkẹyìn kò bá níta rí.

Opó ni Màmá Mojọlá. Etí omi ní Ugbuwangue ló ń gbé, ó ń ta gààrí àti epo pupa fún àwọn apẹja. Mojọlá ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Èkó, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ni òun fẹ́ máa kí ní Èkó. Ìkíni ni nǹkan tí màmá yìí fi ayé rẹ̀ ṣe. Bó bá kí ọ ní òwúrọ̀, kó tó kí ọ tán, ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n.

Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá sójà kan wá bá Bàbá Olúsànmí nídìí igi máńgòrò. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn sọ pé, "Papa, abeg, no knock this thing again. If my boys hear am, dem no go know say na church." Bàbá gbé òòlù wọlé, ó sì fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìjọ fọ́n ká: àwọn kan wà ní Enerhen, àwọn kan ní Otor-Udu, àwọn kan létí omi. Àdúrà ìdájí tí wọ́n ti ń ṣe pọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ dópin. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àwọn tó bá rí ọ̀nà gbà ń yọjú. Bàbá ń jí ní ìdájí, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Gbénga, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, ló fi fóònù kan ránṣẹ́. Cynthia, àbúrò Gbénga, tó jẹ́ tíṣà tó sì ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Warri ni wọ́n bí Cynthia sí. Ó gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n bí ẹ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, èdè Warri ni yóò fi dá yín lóhùn.

"Cynthia, ṣé ó lè pe gbogbo ìjọ?"

"E fit, but e go chop all your credit. Papa, just flash dem."

"Kí ló ń jẹ́ fláàṣì?"

"E go ring small, you go cut am. Nobody go pick. Nobody go talk. E no dey chop anything."

Bàbá wo fóònù náà títí, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òòlù ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Agogo mà ni!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìdájí, Bàbá Olúsànmí á fláàṣì gbogbo ilé tó bá ní fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á fláàṣì padà, ìyẹn ni pé a jí, a wà láàyè, a ti kúnlẹ̀. Ẹni tó ní fóònù á kan ògiri fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní. Sáàmù kan náà ni gbogbo wọn ń kà, kálukú nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ìgbà tí fláàṣì ń wọlé padà yìí, inú Bàbá a máa dùn débi pé a máa dárúkọ wọn sókè bí wọ́n ṣe ń dé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni Màmá Mojọlá. Mojọlá ti ra fóònù fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ kó má gbé e.

"A kì í pe ènìyàn kó má jẹ́," ló ń wí. "Òkú nìkan ni wọ́n ń pè tí kì í dáhùn."

Kí Bàbá tó ráyè gé e, ó ti gbé e. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Alágogo. Ṣé dáadáa la jí? Ara ńkọ́? Cynthia ńkọ́? Gbénga tó wà ní Èkó ńkọ́? Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú o. Ẹ kú ìfaradà." Bàbá kò sì lè gé àgbà lẹ́nu. Á máa dáhùn, á máa laágùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìkíni náà jẹ kírẹ́díìtì tán pátápátá nígbà tí ilé tó kù láti fláàṣì ṣì pọ̀. Àwọn ará Otor-Udu dúró dúró, wọn kò gbọ́ agogo. Wọ́n ní Bàbá ti kú. Obìnrin kan nínú wọn bú sẹ́kún, ó sì bọ́ sójú títì nígbà tí òfin kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn sójà mú un, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí oòrùn fi gbóná.

Nígbà tí Bàbá gbọ́, inú bí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó kọjú sí Màmá Mojọlá. "Màmá, bí mo bá pè yín, ẹ má gbé e! Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ ò rí i pé ẹnu yín ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Màmá Mojọlá wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. N kò ní gbé e mọ́."

Kò sì gbé e mọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ kejì, bí Bàbá bá ti fláàṣì rẹ̀, fláàṣì tirẹ̀ á wọlé, gbáú, ó tán. Gbogbo nǹkan wá ń lọ geere bó ti yẹ. Ó dun Bàbá pé ó ń lọ geere bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bẹ màmá náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkùnrin: a ní òun yóò bẹ̀ ẹ́ lọ́la, ọ̀la a sì tún di ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọ̀sán, apẹja kan tó máa ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ dúró nídìí igbá ọjà rẹ̀ ní Enerhen. Kò ra nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wo àrọ, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Papa, if you get person for waterside, make e commot before evening. Today no good."

Màmá Mojọlá nìkan ló kù létí omi nínú ìjọ. Bàbá kó ọjà rẹ̀ sínú àpò láìtò ó, ó wọ ọkọ̀. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà Ugbuwangue, àwọn sójà ti gbé igi dí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ẹni tó ń jáde bọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó bẹ̀ wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó padà.

Ó fa fóònù yọ, ó pe Màmá Mojọlá. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni fláàṣì Màmá Mojọlá wọlé, gbáú, ó tán.

Ó tún pè é. Fláàṣì tún wọlé.

"Màmá, ẹ gbé e!" Bàbá ń pariwo mọ́ fóònù tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ nínú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e!" Ó sáré wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ké sí Cynthia. Cynthia tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà mi orí. "Mama no sabi read text, Papa. She dey think say na advert." Bàbá pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Fláàṣì ló tún gbà. Ẹni tó ti ń dá gbogbo ayé lóhùn láti kékeré, òun Olúsànmí ló pa á lẹ́nu mọ́, bí ó bá sì kú ní alẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló pa á.

Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Páìpù náà ń rọ̀ lókè orí rẹ̀. Ó rántí òòlù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo àwọn sójà tó wà lójú ọ̀nà, ó mọ̀ pé bí òun bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìbọn lè dáhùn. Ó wo páìpù, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ó fláàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ó sinmi. Fláàṣì Màmá Mojọlá wọlé. Kò kà á sí. Ó tún fláàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sinmi. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan kan kò wọlé. Ó fláàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta ìkẹyìn, ó sì gbé fóònù lé itan.

Fóònù dákẹ́. Bóyá màmá náà ti gbọ́ ọ yé, bóyá ó ti sú u ni, Bàbá kò mọ̀. Ó kàn tẹjú mọ́ ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń jáde bọ̀ láti etí omi, wọ́n ru ẹrù, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́. Kò rí i láàárín wọn. Oòrùn ń lọ. Àkókò kónílé-ó-gbélé ti sún mọ́lé.

Ìgbà náà ló rí gèlè funfun kan tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aṣọ ìsìn ni Màmá Mojọlá wọ̀ láti òkè délẹ̀. Ó gbé Bíbélì àti ìwé orin há abíyá, agboòrùn wà lọ́wọ́ kejì, fóònù sì rọ̀ láyà rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà, ṣé ẹ mọ̀ pé ó dúró! Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìdúró. Àwọn ìyá yín ńkọ́?" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sábẹ́ igi.

Ó wọ inú ọgbà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn?" Ó wò yíká, kò rí ìjọ. "Bàbá Alágogo, kí lẹ ń ṣe báyìí? Ta ló ń lu agogo ìkẹyìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Kìíní dà? Kejì dà? Díẹ̀ ló kù kí n dúró síta lónìí!"

Omi ti bọ́ lójú Bàbá Olúsànmí, kò sì nù ún. "Ẹ wọlé, Màmá. Wọn ò tíì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́." Ó sì sọ fún un ohun tí apẹja wí, àti bí òun ti pè é títí.

Màmá Mojọlá gbé agboòrùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé e," ló wí.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ foríjì mí."

Wọ́n gbọ́ ariwo láti etí omi ní ìrọ̀lẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ́ pé gbogbo ilé tó wà ní ìlà tirẹ̀ ti jóná, gààrí, epo àti gbogbo rẹ̀. Màmá sunkún, ó nu ojú, ó ní a dúpẹ́. Yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ ni wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí, pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì wà láàárín òun àti yàrá Bàbá.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Bàbá Olúsànmí fláàṣì gbogbo ilé, ó fi Màmá Mojọlá ṣe ìkẹyìn. Ó yẹ kó ti dá ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ ká ronú. Nígbà tó kan màmá, kò gé e. Fóònù ń dún lódì kejì pákó, Màmá Mojọlá ń retí kó dákẹ́ kó lè fláàṣì padà. Bàbá fi ìka kan pákó.

"Màmá, ẹ gbé e."

Ó gbé e. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Alágogo. Ṣé dáadáa la jí?"

"Dáadáa ni, Màmá."

"Ara ńkọ́? Ẹ kú ìdágìrì ọjọ́ Ìṣẹ́gun o. Ẹ kú àájò. Ìjọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ti dáhùn, Màmá."

Kírẹ́díìtì tán, fóònù kú lọ́wọ́ Bàbá. Kò gbé e kúrò létí. Lódì kejì pákó, Màmá Mojọlá kò mọ̀ pé ó ti gé, ó ṣì ń kí i lọ.

"Cynthia ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Gbénga tó wà ní Èkó ńkọ́?"