Tákàbà Màmá Mi

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ń yìn mí pé mo fẹ́ràn màmá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn lóòótọ́, ìfẹ́ yẹn náà ni mo sì fi ṣe wọ́n léṣe.

Ìjọba ológun ṣì wà lórí oyè nígbà tí bàbá mi kú. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó sílé, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, tí kì í rìn kiri. Èmi ni àkọ́bí. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA, mo ti kàwé díẹ̀, mo wá rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Tí mo bá jókòó sórí àga bàbá mi nígbà yẹn, ṣe ni mo máa ń wú.

Nínú oṣù kejì, ẹ̀gbọ́n màmá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní àdúgbò Gàmbàrí. Ìyá Gàmbàrí la máa ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ màmá mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá tó bí àwọn méjèèjì kú. Ọmọ wọn obìnrin wá, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó ní, "Màmá ní kí àbúrò àwọn wá. Ojú wọn làwọn fẹ́ rí."

Màmá mi ti dìde, wọ́n ti ń wá bàtà. Àwọn àbúrò bàbá mi méjì wà níjòkòó. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó. Opó kì í jáde. Ṣé ẹ fẹ́ kí aráàlú máa sọ pé ẹ ò tíì ṣọ̀fọ̀ ọkọ yín tán, ẹ ti ń rìn kiri?"

"Màṣá Allah," làwọn àbúrò bàbá mi wí, "àrólé ti sọ̀rọ̀."

Orí mi wú. Màmá mi padà jókòó.

Wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún ní rárá. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọsàn àti mílíìkì lọ. Ìyá Gàmbàrí ò wo ọsàn. Ẹ̀yìn mi, lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n ń wò, bóyá ẹnì kan ń tẹ̀lé mi bọ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo lọ ni wọ́n kú.

Àáfà àdúgbò wa wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ojúlé mẹ́ta péré ló wà láàrin ilé wọn àti tiwa. Wọ́n bi màmá mi bóyá àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ríra kí ọlọ́jọ́ tó dé. Èmi ni mo yára dáhùn pé tákàbà ò jẹ́.

Ẹnu ya àáfà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tí nǹkan pàtàkì bá gbé opó dìde, ó lè jáde lọ́sàn-án, kó ṣáà ti padà wá sùn sílé ọkọ rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mi ò béèrè nítorí ó ń dùn mọ́ mi kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi? Ìgbéraga ni, mo wá ń pè é ní ìfẹ́, mo tún ń pè é ní ẹ̀sìn. Ojú ń tì mí títí di òní.

Nígbà tí àáfà lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń sunkún. "Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ti kọ́ mi tipẹ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò lọ?"

Wọ́n fi ìborùn nu ojú wọn. "Àwọn àbúrò bàbá rẹ ń wò ọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o máa sọ gẹ́gẹ́ bí àrólé nílé bàbá rẹ nìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ di òpè lójú wọn. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á lè dúró dè mí."